Alátakò Tí A Kò Gbọdọ̀ Jẹ́ Kó Kú

Erékùṣù kan wà nínú omi tó pín ìpínlẹ̀ Victoria àti Tasmania níyà ní gúúsù ilẹ̀ Ọsirélíà. King Island ni wọ́n ń pè é. Ẹran màlúù àti wàràkàṣì ibẹ̀ lókìkí káàkiri orílẹ̀-èdè náà, àmọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò pé 2,000. Síbẹ̀, erékùṣù yìí ní líìgì bọ́ọ̀lù tirẹ̀. Kíláàbù mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀: Currie, Grassy àti North. Bí méjì bá wọ pápá ní Sátidé yìí, ẹ̀kẹta á káwọ́ lẹ́rán, á máa wòran. Tó bá di Sátidé tó ń bọ̀, wọ́n á yí i padà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń yí i ká títí di ọjọ́ àṣekágbá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí bá kógbá sílé, ojú kan náà ni àwọn méjì tó kù á máa rí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí eré náà á fi sú àwọn àti òǹwòran. Bí méjì bá kógbá sílé, ẹni tó ṣẹ́kù ti gba ife láìjanpata, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi yangàn fún? Lọ́dún 1990 tí wọ́n ti ibi ìwakùsà Grassy pa, ọ̀pọ̀ ìdílé di ẹrù wọn, wọ́n kọjá sí òdìkejì omi. Wàhálà ará Grassy nìkan kọ́ nìyẹn. Ará Currie tó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbogbo ọjọ́ eré náà ní láti ronú, torí bí Grassy bá ṣubú, koríko á hù ní pápá tirẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun tó hàn kedere ní King Island ló wà nídìí gbogbo líìgì ìgbèríko ní Ọsirélíà, bó ti wù kí líìgì náà tóbi tó. Líìgì dà bí ilé olórogún. Wọ́n ń jowú ara wọn, wọ́n ń ka ẹran inú ọbẹ̀ ara wọn, àmọ́ òrùlé kan ló bo gbogbo wọn, bó bá sì jò, orí gbogbo wọn ló ń jò sí. Ẹni tó ń darí líìgì ni baálé ilé náà. Ẹni tó ń gba ife kì í fún un ní ìyọnu púpọ̀. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ tábìlì ni kì í jẹ́ kó sùn.

Bọ́ọ̀lù tó rí bí ìbẹ́pẹ

Bọ́ọ̀lù tí à ń wí yìí kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọmọ wa ń gbá ládùúgbò. Ó gùn, orí rẹ̀ méjèèjì sì ṣe ṣóńṣó bí ìbẹ́pẹ. Pápá rẹ̀ rí bí ẹyin, ó sì fẹ̀ ju pápá bọ́ọ̀lù tiwa lọ dáadáa, torí pápá kíríkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sábà máa ń lò. Ènìyàn 18 ló ń ṣojú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lórí pápá. Wọ́n lè fi ẹsẹ̀ gbá a. Wọ́n lè gbé e sáré, bí wọ́n bá ń ta á mọ́lẹ̀ lóòrèkóòrè. Wọ́n sì lè fi ìkúùkù gbá a sí ẹlòmíràn. Èèwọ̀ ni kí wọ́n jù ú. Bí ẹnì kan bá gbá a láti ọ̀nà tó jìn díẹ̀, tí ẹlòmíràn fò sókè tó sì hán an kó tó kanlẹ̀, onítọ̀hún lẹ́tọ̀ọ́ láti dúró gbá a láìsí ẹni tó máa já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Fífò yìí gan-an ni adùn eré náà: ẹnì kan á gun ẹ̀yìn ẹlòmíràn bí ẹní ń gun àkàbà, á sì já bọ́ọ̀lù lójú ọ̀run.

Òpó mẹ́rin ló wà ní ìpẹ̀kun pápá níhà kọ̀ọ̀kan. Bí a bá gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó gíga méjì tó wà láàárín, póìntì mẹ́fà ni. Bó bá gba ẹ̀gbẹ́, póìntì kan ṣoṣo. Rẹfirí kan wà nídìí òpó tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó wo èyí lọ: asíá méjì ló ń jù fún póìntì mẹ́fà, asíá kan fún póìntì kan. Aṣọ funfun gbọ̀ọ̀rọ̀ bíi ti dókítà ni wọ́n fi ń dá a mọ̀ láti ayébáyé.

Tom Wills, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá kíríkẹ́ẹ̀tì ìgbà náà, ló kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn ní 1858 pé ó yẹ kí àwọn tó ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì wá nǹkan ṣe nígbà òtútù kí ara wọn má baà wúwo. Ní oṣù Karùn-ún 1859, kíláàbù Melbourne kọ òfin eré náà sílẹ̀. Lónìí, líìgì AFL tó wà lókè pátápátá ní kíláàbù 18, bíi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ènìyàn ló sì máa ń kún pápá MCG ní Melbourne lọ́jọ́ àṣekágbá rẹ̀. Owó wà níbẹ̀, tẹlifíṣọ̀n wà níbẹ̀. Ibi tí à ń lọ yìí, ìyá agbábọ́ọ̀lù ló ń fọ aṣọ ẹgbẹ́.

Ọjọ́ Sátidé

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn Victoria, agbègbè tí wọ́n ń pè ní Mallee. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, oko àlìkámà àti báálì ló wà lọ́tùn-ún lósì títí ojú fi máa rẹ̀ ọ́. Ohun tó máa kọ́kọ́ sọ fún ọ pé o ti ń súnmọ́ ìlú ni ilé gogoro tí wọ́n ń kó ọkà pamọ́ sí. Ní ìlú Wycheproof, ojú irin gba àárín títì tó tóbi jù nínú ìlú kọjá. Ọ̀pọ̀ ìlú báyìí ni báǹkì ti fi sílẹ̀, tí ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ ń dín kù lọ́dọọdún. Pápá bọ́ọ̀lù ṣì wà.

Láti oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹsàn-án, ibẹ̀ ni gbogbo ìlú ń pàdé. Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, àwọn ọmọdé ti wà lórí pápá, òtútù ń mú èéfín jáde lẹ́nu wọn. Àwọn ọ̀dọ́ ló kàn, lẹ́yìn náà ẹgbẹ́ kejì, kó tó kan ẹgbẹ́ àgbà ní bíi aago méjì ọ̀sán. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, àwọn obìnrin ń gbá nẹ́tíbọ́ọ̀lù láti àárọ̀, ènìyàn méje sí méje, nínú aṣọ aláwọ̀ kan náà pẹ̀lú àwọn arákùnrin wọn. Kíláàbù kan ṣoṣo ló ni àwọn méjèèjì, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ líìgì ibẹ̀ fi kọ bọ́ọ̀lù àti nẹ́tíbọ́ọ̀lù pọ̀ sínú orúkọ wọn. Ìdílé kan lè wá pẹ̀lú bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta, kí gbogbo wọn gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ kan náà kí wọ́n tó relé.

Àwọn mọ́tò ti yí pápá ká, imú wọn sí ojú eré, bí ẹní pagbo ijó. Inú mọ́tò ni àwọn àgbàlagbà ti ń wòran, tíì gbígbóná lọ́wọ́, ẹsẹ̀ wọn lábẹ́ kúbùsù. Bí ẹgbẹ́ onílé bá gbá mẹ́fà wọlé, fèrè mọ́tò lo máa kọ́kọ́ gbọ́ kí o tó gbọ́ ohùn ènìyàn: pọ́ọ̀, pọ́ọ̀, pọ́ọ̀, yíká gbogbo pápá. Mọ́tò tó bá dákẹ́, ti àlejò ni.

Lójú fèrèsé ilé ìdáná kíláàbù, wọ́n ń ta míìtì-páì àti ọ̀dùnkún díndín. Ẹnì kan ń gbé àwo ẹran tútù kiri, ó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì: ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá jáde ló máa gbé ẹran náà relé. Owó ilé ìdáná, owó tíkẹ́ẹ̀tì, owó bíà tí wọ́n ń mu lálẹ́, kíláàbù tó gbàlejò ló ni ín. Ẹ fi èyí sí apá kan lọ́kàn yín.

Orúkọ méjì lára ẹni kan

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí ìgbèríko yìí, kó ka orúkọ àwọn kíláàbù. Nínú líìgì North Central, ó máa rí Birchip-Watchem, Wycheproof-Narraport, Sea Lake Nandaly. Ní gúúsù, nínú líìgì Hampden, ó máa rí Terang Mortlake. Ìlú méjì méjì ni wọ́n. Kíláàbù méjì tó fi ọ̀pọ̀ ọdún na ara wọn ni, kó tó di ọjọ́ tí wọ́n ka ọmọkùnrin tó kù, tí wọn kò pé 18 ní ìhà kankan mọ́.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà dín kù kò fara sin. Katakata àti ẹ̀rọ ìkórè tóbi sí i. Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ ń ṣe tẹ́lẹ̀, bàbá àti ọmọkùnrin kan ló ń ṣe é báyìí. Ẹni tó ní oko ra ti aládùúgbò rẹ̀ mọ́ ọn, aládùúgbò sì kó lọ sí ìlú ńlá. Ọ̀dọ́ tó bá parí ilé ìwé girama á lọ sí yunifásítì ní Melbourne, Bendigo tàbí Ballarat. Àwọn mìíràn nínú wọn ṣì ń wa mọ́tò fún wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin padà wálé ní Sátidé torí bọ́ọ̀lù. Ìyá wọn á rí wọn, ìlú á rí wọn. Bí kíláàbù bá kú, kí ló tún máa mú wọn wá?

Àmọ́ ìdàpọ̀ kì í rọrùn. Aṣọ wo ni a ó máa wọ̀? Orin ìṣẹ́gun ta ni a ó máa kọ? Pápá wo ni a ó máa lò? Orúkọ ta ni ó máa ṣáájú? Ẹni tí bàbá rẹ̀ àgbà fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin igi yí pápá ká kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ ìṣirò. Níbi tí iṣẹ́ alákòóso líìgì ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyí: kó jókòó sáàárín ìlú méjì lálẹ́ òtútù, kó má sọ̀rọ̀ jù, kó má sì dákẹ́ jù. Ohun tí wọ́n sábà máa ń fẹnu kò sí ni kí wọ́n pín eré ilé sí pápá méjèèjì, kí ilẹ̀ kankan má di ahoro lẹ́sẹ̀ kan náà.

Lẹ́yìn tí àwọn òǹwòran ti lọ

Iṣẹ́ alákòóso kò lórin, kò nílù. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí kò sẹ́ni tó ń ronú bọ́ọ̀lù, ó ń to ètò ìdíje. Bí kíláàbù bá jẹ́ mẹ́sàn-án, ẹnì kan gbọ́dọ̀ sinmi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ta sì ni yóò fara mọ́ ọn kó sinmi ní ọ̀sẹ̀ tí owó ń wọlé jù? Kò gbọdọ̀ jẹ́ kí kíláàbù kan rìn ọ̀nà jíjìn léraléra. Ó gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí àgbẹ̀ ń gbìn, kó mọ iye ojú pápá nẹ́tíbọ́ọ̀lù tí ìlú kọ̀ọ̀kan ní, kó sì mọ iye rẹfirí tó wà nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ rẹfirí ló ń mú un lọ́kàn jù. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó bá gbé fèrè sẹ́nu lọ́dún yìí, bí àgbàlagbà kan bá bú u láti inú mọ́tò ní Sátidé méjì, kò ní padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Láìsí rẹfirí, kò sí eré. Nítorí náà, líìgì tó gbọ́n máa ń tètè gbé ẹjọ́ ẹni tó bá bú rẹfirí, ì báà ṣe alága kíláàbù tó ń gba ife.

Lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan, àwọn rẹfirí á bọ́ sí yàrá wọn, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Wọ́n á kọ orúkọ mẹ́ta: ẹni tó dáa jù gba ìbò mẹ́ta, èkejì méjì, ẹ̀kẹta kan. Wọ́n á fi sínú àpòòwé, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ pa, á di ọ̀dọ̀ líìgì. Wọn kì í ṣí i títí di alẹ́ kan ní ìparí sáà, nígbà tí gbogbo kíláàbù bá wọ kóòtù àti gáùn jókòó sínú gbọ̀ngàn, tí wọ́n ń ka ìbò náà lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí wọ́n bá ti dá dúró nítorí ìwà àìtọ́ lórí pápá, kò lè gba ẹ̀bùn náà bó ti wù kí ìbò rẹ̀ pọ̀ tó. Agbẹjọ́rò lè wà nínú gbọ̀ngàn náà, awakọ̀ ọkọ̀ àlìkámà lè wà níbẹ̀. Ohun tó wà nínú àpòòwé ló ń mú gbogbo wọn mí gúlegúle.

Ìwé kún tábìlì alákòóso. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọdé ní bọ́ọ̀lù ní Victoria gbọ́dọ̀ ní káàdì àṣẹ ìjọba láti bá ọmọdé ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá forí gbá, tí ọpọlọ rẹ̀ mì, kò gbọdọ̀ gbá eré mìíràn kó tó pé ọjọ́ 21, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àṣekágbá ló kàn. Ẹ ronú sí ẹni tó máa gbé fóònù pe akọ́nimọ̀ọ́gbá láti sọ èyí fún un.

Òṣùwọ̀n

Gbogbo èyí jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀nà kan wà tí líìgì ń gbà fi òfin gan-an gbé aláìlágbára ró, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n wọn wà.

Kíláàbù tó bá ní olówó lẹ́yìn lè ra agbábọ́ọ̀lù. Ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù ní AFL rí, tí ọjọ́ orí ti ń le e, lè wá gba owó ní ìgbèríko lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kíláàbù tó bá rí mẹ́rin irú rẹ̀ kó jọ á na gbogbo ènìyàn ní ìnàkúnà; àwọn tó kù á tọrọ owó láti ra tiwọn, wọ́n á wọ gbèsè. Láàárín ọdún díẹ̀, ẹni tó gba ife àti ẹni tó pàdánù yóò jọ máa wá alákápò tó lè ṣàlàyé ibi tí owó wọ̀.

Ní 2016, Victoria gbé òfin póìntì kalẹ̀ fún gbogbo líìgì rẹ̀. Wọ́n ń fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní iye: ọmọ ilé tó ti kékeré gbá bọ́ọ̀lù ní kíláàbù náà, póìntì kan, ẹni tó ti òkè pátápátá bọ̀, póìntì mẹ́fà, àwọn yòókù wà láàárín. Àpapọ̀ iye ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá òṣùwọ̀n tí wọ́n fún un. Ká ní òṣùwọ̀n náà jẹ́ 40, tí ẹgbẹ́ sì ní ènìyàn 22. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ ọmọ ilé, 22 ni wọ́n ná, àyè wà fún 18 sí i. Àlejò olókìkí kan ń jẹ márùn-ún nínú àyè náà. Bí o bá mú mẹ́ta, 15 ti lọ, ó ku mẹ́ta péré, ọmọ ilé ló gbọ́dọ̀ pọ̀ jù nínú ìyókù. Àlejò tó bá sì dúró pẹ́, iye rẹ̀ ń dín kù lọ́dọọdún. Òfin ń san èrè fún ẹni tó bá fìdí kalẹ̀.

Ohun tó wù mí jù nínú rẹ̀ ni pé òṣùwọ̀n kò dọ́gba. Líìgì lè fi kún ti kíláàbù tó ń ṣubú, kó sì gé ti ẹni tó ń gba ife. Àwọn tó ń gba ife máa ń bínú: ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni pé a mọ iṣẹ́ wa? Ìbínú wọn ní ìdí, torí iṣẹ́ ọdún pípẹ́ ló ń gba ife, kì í ṣe owó nìkan. Àmọ́ ìbéèrè tí alákòóso fi ń dá wọn lóhùn kò ṣe é sá fún: bí ẹ bá na gbogbo wọn títí tí kò sẹ́ni tó kù, lọ́dọ̀ ta ni ẹ máa gbá eré lọ ní Sátidé? Igi kan kò lè dá igbó ṣe.

Ta ni a ṣílẹ̀kùn fún?

Kì í ṣe owó nìkan ló ń mú kí ẹnì kan wà nísàlẹ̀. Ní Shepparton, ìlú eléso ní àríwá Victoria, àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ti wà lórí ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé ní kíláàbù tó ń jẹ́ Rumbalara. Ìtàn bọ́ọ̀lù wọn ti pẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, àwọn Yorta Yorta tó wà ní ibùdó Cummeragunja lẹ́bàá odò Murray ní ẹgbẹ́ tó ń na àwọn ẹgbẹ́ òyìnbó àyíká. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Douglas Nicholls, tó gbá bọ́ọ̀lù fún Fitzroy ní àwọn ọdún 1930, tó sì di gómìnà South Australia ní 1976. Síbẹ̀, ó di 1997 kí Rumbalara tó rí ìjókòó nínú líìgì. Láti ìgbà náà, kíláàbù yìí ti di ibi tí ọ̀dọ́ ń gbà rí ẹ̀kọ́, iṣẹ́ àti ìtọ́jú ìlera, kì í ṣe bọ́ọ̀lù nìkan. Òfin tó lòdì sí èébú ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti wà ní AFL láti 1995. Ní ìgbèríko, níbi tí ẹni tó bú ènìyàn àti ẹni tí wọ́n bú ti máa pàdé ní ṣọ́ọ̀bù kan náà lọ́jọ́ Ajé, alákòóso líìgì ló ń mú òfin náà ṣẹ.

Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, nígbà tí omi dé

Ìgbà ìyọnu ni ènìyàn máa ń mọ ohun tí kíláàbù wà fún. Láti nǹkan bí 1997 títí di 2009, ọ̀dá mú gúúsù ìlà-oòrùn Ọsirélíà. Ilẹ̀ pápá le bí òkúta, omi tí wọ́n lè fi rin ín kò sí, àgbẹ̀ sì ń wo oko tí kò lè san gbèsè. Ọkùnrin tí kò ní bá dókítà sọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ rẹ̀ á wá sí ìdánrawò ní Ọjọ́bọ̀, á sì jókòó jẹun lẹ́yìn rẹ̀, torí alẹ́ yẹn ni wọ́n ń ka orúkọ àwọn tó máa gbá eré. Ẹni tó bá pa Ọjọ́bọ̀ méjì jẹ, ẹnì kan á wa mọ́tò lọ wò ó lóko. Nínú ọ̀dá yẹn, ní 2004, ìgbìmọ̀ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Victoria ṣe ìwádìí lórí bọ́ọ̀lù ìgbèríko, ìjọba sì dá owó ìrànwọ́ sílẹ̀ fún ìtúnṣe pápá àti ilé kíláàbù.

Ní oṣù Kìíní 2011, omíyalé bo ìlú Charlton. Ní 2020, àrùn Kòrónà kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ líìgì ìgbèríko ní Victoria gbá bọ́ọ̀lù rárá. Ní 2021 wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọn kò parí. Ìgbà náà ni àwọn tó ń sọ pé eré lásán ni bọ́ọ̀lù rí i pé ìlú kan wà tí aládùúgbò kì í rí ara wọn mọ́.

Mi ò ní pa á mọ́ pé kíláàbù ní àléébù. Bíà ti ba ayé ọ̀pọ̀ jẹ́ níbẹ̀. Láti 2000 ni ètò Good Sports ti ń kọ́ kíláàbù bí wọ́n ṣe lè ta ọtí níwọ̀nba. Ó pẹ́ kí àwọn obìnrin tó rí àyè tó yẹ nínú bọ́ọ̀lù yìí fúnra wọn: 2017 ni líìgì àgbà tiwọn, AFLW, tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí owó tí a fi sí apá kan lọ́kàn. Aago márùn-ún kọjá, ilẹ̀ ń ṣú. Ẹgbẹ́ onílé ti pàdánù pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún póìntì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, fèrè mọ́tò kò dún tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún láti ọ̀sán. Àwọn tó borí kọ orin wọn tán, wọ́n wẹ̀, ebi ń pa wọ́n, ọ̀nà ilé sì jìn. Wọ́n tò sójú fèrèsé ilé ìdáná àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nà. Wọ́n ra míìtì-páì, wọ́n ra bíà, wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì àwo ẹran tó ṣẹ́kù. Ìyá tó ń gba owó lọ́wọ́ wọn, ọmọ rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ tó pàdánù. Ó ka ṣéńjì fún wọn, ó sì bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n tún fẹ́ ọbẹ̀ tòmátì sórí rẹ̀.